Eyínfúnjowó Tí Kò Léyín Iwájú

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹsàn-án

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí ìwé mi tó rí wọ́gọwọ̀gọ. Ọwọ́ mi ti le, ó ti pẹ́ tí mo ti kọ nǹkan tó gùn kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ náà sì ń lọ́ra kó tó jáde bí omi ẹ̀rọ tí kò lágbára. Ẹ bá mi sọ fún Aránṣọ tó máa kà á fún yín pé kó rọra kà á, kó má sì rẹ́rìn-ín níbi tí mo bá ti ṣìnà. Mo kí i o. Mo kí ẹ̀yin náà lórí ìkúnlẹ̀. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Ṣé òrùlé ẹ̀yìnkùlé kò jò mọ́?

Ara mi le. Ọkọ mi náà wà dáadáa, ó ní kí n kí yín. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ló ṣì ń tún ṣe. Bí wọ́n bá gbé èyí tó bàjẹ́ wá, kì í kọ́kọ́ tú u, etí ló máa ń gbé lé e, á ní kí wọ́n tàn án, á máa gbọ́ ọ bí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọ kékeré. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, èmi náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ilé wa á wá pa lọ́lọ́. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo lè sọ ọ́ fún: mi ò tíì mọ ohun tí mo lè máa pè é. Bí oúnjẹ bá jinná, ṣíbí ni mo máa ń fi kan ìkòkò. Ó ti mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ tí ọkọ mi ń bá mi bẹ̀bẹ̀ fún ti bọ́ sí i. Ilé-ìwé ni, kíláàsì àwọn ọmọ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di pẹ́ńsùlù mú. Olùkọ́ wọn lóyún, kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́, ni wọ́n fi ní kí n wá máa ràn án lọ́wọ́: kí n máa nu imú, kí n máa so okùn bàtà, kí n máa ṣí abọ́ oúnjẹ tó bá há. Ìwé mẹ́rin tí mo kà tó fún imú nínù. Àfi bí olùkọ́ náà ṣe bímọ ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Nísinsìnyí, olùkọ́ kíláàsì kejì ló ń wá kọ́ wọn ní ìwé láàárọ̀, ìyókù ọjọ́ wá di ọrùn mi: orin, àwòrán yíyà, ìṣirò orí ìka. Ọ̀gá ilé-ìwé ní àwọn ń wò mí títí sáà yìí á fi parí. Bí mo bá ṣe dáadáa, wọ́n á fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Bí mi ò bá ṣe dáadáa, ilé yá.

Màmá, ẹnu mi kọ̀ láti pe orúkọ àwọn ọmọ náà. Orúkọ ilẹ̀ ibí yìí wúwo lórí ahọ́n mi. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn ni mo bá nílé, èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tí gbogbo wọn gbójú sókè wò mí, àfi bí ọjọ́ tí mo wọ ilé ọkọ tí àwọn àbúrò ọkọ jókòó tò bí ẹyẹ. Ni mo bá fi èdè wa sọ wọ́n lórúkọ, bí ìyàwó ṣe ń sọ ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Ọ̀kan ń kọ nǹkan sára tábìlì, sára ògiri, sára apá ara rẹ̀: Akọ̀wé nìyẹn. Ọ̀kan ń kí gbogbo ẹni tó bá kọjá lójú fèrèsé: Gbajúmọ̀. Ọ̀kan ń káwọ́ sẹ́yìn rìn kiri, á máa bèèrè lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bóyá wọ́n ti jẹun: Baálé. Ọmọbìnrin kan wà tí kò sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ kó má wá sọ ọ́: Oníròyìn. Ọmọkùnrin kan sì wà tí eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti ká, tó máa ń fi ọwọ́ bo ẹnu bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Òun ni mo pè ní Eyínfúnjowó.

Wọ́n fẹ́ràn àwọn orúkọ náà. Ṣùgbọ́n àyà mi ń já. Ní àràárọ̀ kí n tó wọlé, mo máa ń dúró síta sọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún wọn, mo máa ń sọ ọ́ fún ilẹ̀kùn ná, kí ẹnu mi lè yọ̀. Oníròyìn yọjú lọ́jọ́ Ẹtì, ó bá mi níbẹ̀. Ó yíjú padà ó ké sí gbogbo kíláàsì pé, "Ó ń bá ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀ o." Baálé ní, "Kí ni ilẹ̀kùn wí?"

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò pé mo di olùkọ́. Kò tíì dájú.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹwàá

Ọmọ mi,

Ìwé rẹ dé. Aránṣọ kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì, òun náà ló ń bá mi kọ èyí. (Èmi Aránṣọ ń kí ọ. Mi ò rẹ́rìn-ín. Ibi ọ̀rọ̀ ṣíbí nìkan ni mo ti rẹ́rìn-ín.)

Orúnkún mi ń ṣe bó ṣe ń ṣe. Òrùlé ṣì ń jò, ṣùgbọ́n inú garawa ló ń jò sí, ìyẹn kò lẹ́jọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé rẹ tó ń jẹ mí lọ́kàn. O ní àwọn ọmọ kan wà tí o bá nílé. O ní ò ń nu imú wọn, ò ń ṣí abọ́ oúnjẹ fún wọn. O ní o sọ ọ̀kan nínú wọn ní Eyínfúnjowó. Ọmọ mi, ta ni mo jẹ́ sí ọ? Ìyàwó kì í ṣàdédé rí ọmọ ọlọ́mọ lójú títì kó sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Ọmọ ilé ọkọ là ń pè bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ rẹ bá ti bímọ kó tó fẹ́ ọ, sọ ọ́ fún mi. Mi ò ní pariwo. Ṣé ìyẹn ló fà á tí kì í fi í sọ̀rọ̀? Ẹni tó bá dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nǹkan ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Aránṣọ ní kí a má kọ èyí. Mo ní kó kọ ọ́. (Mo kọ ọ́ o, ṣùgbọ́n ilé-ìwé ni ọmọ wí.)

Mo gbọ́ pé ilé-ìwé lo wí. Ya fọ́tò gbogbo yàrá ilé yín, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Má yọ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn sílẹ̀. Má yọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀.

Ní ti pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé o di olùkọ́, ìwé rẹ ló pẹ́ kó tó dé. Gbogbo wọn ló ti gbọ́. Ìyá tó ń ta aṣọ lókè ní kí o kí àwọn ọmọ kíláàsì. Nítorí náà, má dójú tì mí.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá

Màmá mi,

Ẹ kú ìrònú mi. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka ìwé yín, mo tún sunkún díẹ̀. Ilé-ìwé ni o. Ọmọ mẹ́rìnlélógún ló wà nínú kíláàsì náà, ẹgbẹ́ sì ni gbogbo wọn. Màmá, ọkùnrin wo ló lè bí irú rẹ̀? Mo fi fọ́tò náà sínú ìwé yìí. Ọkọ mi ló yà á. Ó bi mí pé kí la fẹ́ fi fọ́tò abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ṣe. Mo ní ẹ̀yin lẹ fẹ́ mọ̀ bóyá mo ń gbálẹ̀ dáadáa. Ó lọ mú ìgbálẹ̀, ó tún un gbá kó tó yà á.

Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn. Mo ní kí Akọ̀wé ka ìka ọwọ́ rẹ̀, ó kà á, ó di mọ́kànlá. Mo ní báwo ló ṣe jẹ́? Ó ní ìka kan ni ti ọ̀la. Mi ò mọ ibi tí mo lè gbà bá a wí, nítorí ó dá a lójú. Gbajúmọ̀ kí àwọn tó ń kó ilẹ̀ dànù lójú fèrèsé títí ọ̀kan nínú wọn fi wọlé wá, ó rò pé ọ̀rọ̀ ńlá ni. Oníròyìn náà bi mí pé ta ló ń mú mi wá sílé-ìwé. Mo ní ọkọ mi ni.

"Ṣé ó máa ń sunkún bó bá ń fi yín sílẹ̀?"

Mo ní rárá.

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

Mo ní kó lọ jókòó.

Èyí tí kò dùn ló kù. Bàbá Eyínfúnjowó wá. Awakọ̀ ẹrù ni, ó ga, ó sì fẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kò dáhùn orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé mọ́. Bí ìyá rẹ̀ bá pè é, á ní kì í ṣe òun. Bàbá náà wá ẹnìkan tó gbọ́ èdè wa, ó ní kí ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Onítọ̀hún ní ẹni tí eyín rẹ̀ funfun ju owó ẹyọ lọ ni. Ọmọ tí kò léyín iwájú, Màmá. Bàbá náà dúró lórí mi lójú gbogbo àwọn òbí tó wá mú ọmọ wọn, ó ní, "Ìwọ lo ń fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́? Kò tó pé kò lè bu búrẹ́dì jẹ, o tún ń fi eyín kọrin fún un?"

Mo mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà fò lọ, "ẹ má bínú" nìkan ló kù lẹ́nu mi, mo sì ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ títí ó fi dà bí ẹni pé lóòótọ́ ni mo ṣe é. Ó lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá ní àwọn àti bàbá náà á wá jókòó nínú kíláàsì kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Wọ́n ní bí orúkọ náà bá jẹ́ èébú, àwọn kò lè fi mí sílẹ̀ sọ́dọ̀ ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ̀yin lẹ ti ṣe ìyàwó rí. Kí ni kí n sọ fún un? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè fèsì. Mi ò tíì sọ fún ọkọ mi. Wọ́n ti ń pè é ní ọkọ olùkọ́ níbi iṣẹ́, ó sì ń dáhùn.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kọkànlá

Màmá,

Mi ò rí ìwé yín. Ṣé kò sí o? Ṣé orúnkún ni? Àbí fọ́tò ló bí yín nínú? Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ bá mi wí, ṣùgbọ́n ẹ má dákẹ́. Ẹni tó dákẹ́ kan wà lọ́dọ̀ mi ná.

Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀ wá wò mí.

Mo ti gbìyànjú láti pa orúkọ wọ̀nyẹn tì. Lọ́jọ́ Ajé, mo dúró níwájú ilẹ̀kùn, mo kọ́ orúkọ tí òbí sọ wọ́n títí ẹnu mi fi gbà á. Mo wọlé, mo fi pe Gbajúmọ̀. Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. Ó ní, "Kí ni mo ṣe?" Mo ní kò ṣe nǹkan kan. Mo pe Baálé, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn, ó dúró gbọnrangandan bí ẹni tí wọ́n fẹ́ nà. Kí n tó dé orí Akọ̀wé, ó ti ń fi apá aṣọ nu tábìlì, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n rò pé mo bínú sí gbogbo wọn. Eyínfúnjowó nìkan ni kò sunkún. Ó kàn fi ọwọ́ bo ẹnu, kò sì ṣí i mọ́ títí ilé-ìwé fi parí.

Lọ́jọ́ kejì mo dá orúkọ wọn padà fún wọn. Mi ò mọ̀ bóyá mo ṣe ohun tó tọ́. Mi ò lè jẹun dáadáa. Ọkọ mi wo abọ́ mi lánàá, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́.

Èmi ni.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kọkànlá

Ọmọ mi,

Má bínú. Mo mọ̀ pé èsì mi pẹ́. Èmi àti Aránṣọ ló jà. Ó gé ìró mi kúrú, ó ní èmi ni mo ga sí i. Arúgbó máa ń ga sí i ni? Ni mo bá ní mi ò ní fẹsẹ̀ kan ilé rẹ̀ mọ́, mo wá gbàgbé pé òun ni ẹnu mi. Ìwé rẹ wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, mo ń wò ó, kò sọ̀rọ̀. Lánàá ló fúnra rẹ̀ wá, ó ní òun gbọ́ pé ìwé dé. (Ìró náà kò kúrú. Ṣùgbọ́n mo ti bá wọn fa etí rẹ̀ sílẹ̀.)

Mo wo fọ́tò. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ́. Ṣùgbọ́n mo rí àwòrán ọmọdé lára ògiri yàrá yín, ènìyàn kan tí ọwọ́ rẹ̀ tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Ta ló yà á? Mi ò sọ pé nǹkan kan wà. Mo kàn bèèrè.

Jẹ́ ká wá sí ọ̀rọ̀ tó ń bà ọ́ lẹ́rù. Nígbà tí mo dé ilé bàbá rẹ, àbúrò wọn kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò dára. Gbogbo ilé ló ń pè é ní arọ, ó sì ń jẹ́ ẹ. Èmi kò lè pè é bẹ́ẹ̀, ìyàwó ni mí. Mo wò ó títí, mo pè é ní Asárétete. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ mi ní ṣé mo fẹ́ fi ọmọ òun ṣẹ̀sín ni. Èmi náà kò rí ọ̀rọ̀ sọ, bí ti ìwọ yìí gan-an, ara mi lo ti jogún ẹnu. Asárétete kò sáré títí dòní. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó pè é ní arọ mọ́ nínú ilé náà, nítorí kì í dáhùn.

Ìyàwó kì í fi orúkọ sọ ohun tó rí. Ohun tó ń fẹ́ fún ọmọ ló fi ń pè é. Sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá ọmọ náà. Bí o bá ń sọ ọ́, má wolẹ̀. Àyà mi náà ń já, ṣùgbọ́n má wolẹ̀.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kọkànlá

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Òwúrọ̀ yìí ni ìwé yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ọjọ́rú náà ti kọjá, ẹ̀kejì rẹ̀ ti wáyé. Àga kékeré kan nínú kíláàsì ni mo jókòó lé tí mo fi ń kọ èyí, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Àwọn ọmọ ń ṣeré níta pẹ̀lú olùkọ́ kíláàsì kejì. Ọ̀gá ní òní ni wọ́n máa dá mi lóhùn, kí n máa retí wọn.

Oníròyìn ló ya àwòrán tó wà lára ògiri. Èmi ni. Ó ní ọwọ́ mi tóbi nítorí pé ọwọ́ náà ló ń ṣí abọ́ gbogbo ènìyàn.

Wọ́n wá lóòótọ́, ọ̀gá àti bàbá Eyínfúnjowó. Ọ̀gá dúró níwájú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Kò sí ẹni tó dáhùn. Àwọn ọmọ ń wo ara wọn bí ẹni pé àwọn tí wọ́n ń pè ti rìnrìn àjò. Wọ́n pe orúkọ Gbajúmọ̀ títí, ó wá fi ohùn kékeré sọ pé, "Kí ni mo ṣe?" Mo rí i pé ojú ọ̀gá yí padà. Mo ní ó tán. Ibẹ̀ ni Baálé ti dìde, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó rìn lọ bá ọ̀gá.

"Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ọ̀gá ní àwọn kò tíì jẹun.

"Ẹ jókòó."

Màmá, ọ̀gá jókòó. Irú àga tí mo wà lórí rẹ̀ yìí ni wọ́n jókòó sí.

Bàbá náà kò jókòó. Ó pe ọmọ rẹ̀ wá sí àárín, ó ní, "Sọ orúkọ tí wọ́n ń pè ọ́ níbí." Ọmọ náà sọ ọ́ láti ẹ̀yìn ọwọ́ tó fi bo ẹnu. Bàbá yíjú sí mi, ó ní kí n wá ṣàlàyé. Mo dìde. Ohun tí ẹ kọ sínú ìwé yín yìí gan-an ló wà nínú mi, Màmá, ṣùgbọ́n kò sí ilẹ̀kùn níwájú mi tí mo lè kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.

Ọmọ náà wò mí, ó wo bàbá rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ó ń pè wọ́n ni."

"Ó ń pe ta ni?"

"Eyín. Ní àràárọ̀ ló ń pè wọ́n. Ọ̀kan ti gbọ́." Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó la ẹnu gbàgà. Funfun kan ti yọ lókè, kò tó ìdajì hóró ìrẹsì.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ìka kàn án. Ó ní, "Ìgbà wo lèyí yọ?" Ọmọ ní, "Ẹ kì í sí nílé." Nígbà tó nàró, fìlà rẹ̀ ló ń rún lọ́wọ́, kò wò mí.

Bí ọ̀rọ̀ bá dúró síbẹ̀ ni, ì bá dára. Ṣùgbọ́n Oníròyìn nawọ́. Ó ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àwa náà ti sọ ọ́ lórúkọ. Ìyá Ilẹ̀kùn la ń pè é, nítorí ó máa ń bá ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀." Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Ọ̀gá ní kí ni mo máa ń bá ilẹ̀kùn sọ. Oníròyìn fi ohùn mi sọ ọ́, Màmá, ohùn mi gan-an: "Ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ tèmi lónìí."

Ọ̀gá dìde lórí àga kékeré náà, ó gbà wọ́n lákòókò díẹ̀. Wọ́n ní àwọn á ronú sí i. Wọ́n ní, "Olùrànlọ́wọ́, ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa dá ọ lóhùn." Òní ni ọjọ́ Ẹtì náà.

Mo ti sọ fún ọkọ mi. Mi ò lè gbé e mọ́. Mo jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì gbọ́ ọ bó ṣe máa ń gbọ́ ẹ̀rọ, ó dorí kodò, kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Mo ní bí wọ́n bá lé mi, wọn ò ní pè é ní ọkọ olùkọ́ mọ́. Ó ní ìyẹn kọ́ ló ń dun òun. Ó ní, "Gbogbo ọmọ ọlọ́mọ ló ti gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ. Èmi ńkọ́? Títí di ìgbà wo ni wàá fi máa fi ṣíbí pè mí?"

Mo dìde, mo lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Mo sọ ọ́ fún ilẹ̀kùn ná. Mo padà wá, mo ní, "Afetísílẹ̀." Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n tún un pè. Láàárọ̀ yìí, bó ṣe ń fi mí sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé, ó dúró, ó ń nu ojú pẹ̀lú apá ẹ̀wù. Ó ní eruku ni. Bí Oníròyìn bá tún bi mí, mi ò mọ èsì tí màá fún un.

Màmá, mo ń gbọ́ bàtà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n máa lọ, ẹ sọ fún ìyá tó ń ta aṣọ pé èmi ni iṣẹ́ náà kò bá lára mu, ẹ má sọ pé wọ́n lé mi. Ta ni yóò máa pe eyín kejì? Ó ku ọ̀kan tí kò tíì

Ọ̀gá ni, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn, Màmá, wọn ò kàn wọlé. Wọ́n ní, "Ìyá Ilẹ̀kùn, kí lo ṣì ń ṣe níbẹ̀? Àwọn ọmọ rẹ ti tò síta, wọ́n ní àwọn kò ní wọlé àfi bí o bá pè wọ́n." Mo ń lọ o, ẹ bá mi kí Aránṣọ, màá parí ìyókù bí mo bá